Luka Kékeré, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Tú Afárá

Wilhelmsburg, Hamburg
9 oṣù karùn-ún, 2006

Dádì mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yẹn ti yé yọ yín lẹ́nu? Àǹtí Roseline ní kí n kí yín. Tìmílẹ́yìn ọmọ wọn náà kí yín, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ, ó sì ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ẹ̀yin lẹ ní tí mi ò bá fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ẹ tún ní kí n má máa pè yín lórí fóònù, pé ọ̀rọ̀ fóònù kì í dúró. Ó dáa. Mo ti jókòó, mo ti mú bírò. Tí mo bá ṣi àmì kọ níbì kan, ẹ fojú fò ó. Kíláàsì kẹsàn-án ni mo ti kúrò nílé ìwé, ẹnu Àǹtí àti Bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mo ń kọ yìí.

Mo ti ríṣẹ́ tí màá kọ́. Ẹ má tíì wí nǹkan kan. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni, ní Moorwerder, ní ìparí erékùṣù wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó àti tòmátì sínú ilé onígíláàsì. Frau Petersen ló ni ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dán an wò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ọwọ́ mi kì í pa irúgbìn. Ó ti fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ Ausbildung mi, ọdún mẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni màá bẹ̀rẹ̀. Dádì, ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan tí mo bẹ̀rẹ̀ rí tí mo parí. Èyí ni àkọ́kọ́ tó wù mí kí n parí.

Àmọ́ obìnrin tó wà ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì ìwé àwọn àjòjì, ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé ìbí mi wá kí wọ́n tó fún mi láṣẹ iṣẹ́. Inú fáìlì wọn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ilé-Olújì ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n kọ̀wé sí Nàìjíríà, èsì ti dé pé kò sí Kẹ́misọ́lá Akínfẹ́mi kankan nínú ìwé àwọn. Obìnrin náà wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo jí ara mi gbé. Ó ní òun fún mi di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje. Tí mi ò bá mú un wá, Frau Petersen á gba ẹlòmíràn, kò lè dúró dè mí, tòmátì kì í dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ìbí mi ránṣẹ́. Ìwé yẹn nìkan. Mi ò béèrè iṣu.

Èmi ọmọ yín,
Kẹ́mi


Spandau, Berlin
21 oṣù karùn-ún, 2006

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìròyìn iṣẹ́ ọ̀gbìn náà dùn mọ́ mi nínú. Orúnkún ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí à ń fọ̀ ti di ìlọ́po méjì nítorí àwọn èrò bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá, ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́.

Nípa ohun tí o béèrè, wọn kò lè rí orúkọ rẹ ní Ilé-Olújì nítorí pé wọn kò bí ọ síbẹ̀. Rọ́ṣíà ni wọ́n bí ọ sí, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Malaya Luka, ìyẹn Luka Kékeré, ní àgbègbè Borovinsk, nígbà tí mo ń ṣe dókítà ẹran níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ dé Jámánì ní 1992, wọ́n bi mí pé níbo ni ọmọ yìí ti wá. Mo sọ ibi tí o ti wá. Ilé-Olújì ni ìlú bàbá mi, òun náà ni ìlú bàbá rẹ. Bí obìnrin bá bímọ sínú ọkọ̀ ojú omi, ṣé ọkọ̀ ojú omi wá di ìlú ọmọ náà ni? Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Fi sùúrù ṣàlàyé fún obìnrin náà, yóò yé e. Mo fi iṣu mẹ́ta rán Ògúnjìmí tó ń wa ọkọ̀ ẹrù wá sí Hamburg lọ́jọ́ Sátidé. Lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Veddel.

Èmi bàbá rẹ,
Olúdàpọ̀ Akínfẹ́mi


Wilhelmsburg
25 oṣù karùn-ún, 2006

Dádì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gba iṣu.

Mo kúkú ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọdún mẹ́rìndínlógún, Dádì. Ní kíláàsì kẹta wọ́n ní kí kálukú fi pín-ìn-nì gún ibi tí wọ́n bí i lórí máàpù ayé, mo gun àga, mo gún Nàìjíríà, mo sì gún un dáadáa. Ẹ̀yin lẹ bá mi wá ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ò wí nǹkan kan.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìlú bàbá fún obìnrin náà bẹ́ ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́. Ó ní òun ò béèrè ìlú bàbá mi. Ó ní ibi tí orí mi ti kọ́kọ́ yọ síta lòun ń bi mí, kí n lọ mú ìwé ibẹ̀ wá. Mo wá Luka Kékeré nínú ìwé máàpù ńlá tó wà nílé ìkàwé. Kò sí níbẹ̀. Borovinsk pàápàá, àfi kí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ìwé kó tó rí i.

Mo bi Àǹtí. Wọ́n ń ro ọkà lọ́wọ́, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ló mọ̀."

Níbo ni ìwé ìbí mi wà? Ta ló kọ ọ́? Ta ló ń jọba lé ibẹ̀ lórí? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má fi iṣu dá mi lóhùn mọ́.

Kẹ́mi


Spandau
8 oṣù kẹfà, 2006

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. O béèrè ẹni tó ń jọba lé ibẹ̀ lórí. Ìbéèrè tó dára ni, màá ṣàlàyé rẹ̀.

Ní Rọ́ṣíà, ìpínlẹ̀ wà, abẹ́ ìpínlẹ̀ ni àgbègbè tí wọ́n ń pè ní rayon wà. Ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àmọ́ ó fẹ̀ ju tiwa lọ, èèyàn ibẹ̀ ò sì pọ̀. Láti ìpẹ̀kun Borovinsk dé ìpẹ̀kun kejì, ó tó àádọ́rùn-ún kìlómítà. Igbó ló gba ìdajì. Olú àgbègbè náà ni ìlú Borovinsk fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn wà, ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń dúró lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.

Nígbà ayé wa, ìgbìmọ̀ abúlé mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Luka Kékeré jẹ́ ọ̀kan. Abúlé mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ Luka Kékeré, mẹ́rin nínú wọn kò ní ju ilé márùn-ún lọ, àwọn arúgbó ló ń gbé ibẹ̀. Luka Ńlá wà lọ́tọ̀, má dà wọ́n pọ̀, wọn kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Màlúù tiwa jẹ́ ẹgbẹ̀rin dín mẹ́tàlá. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń gbìn.

Kìlómítà méjìlélógójì ló wà láàárín wa àti Borovinsk. Odò Shunya ló là á láàárín. Afárá ibẹ̀ kì í ṣe afárá onísìmẹ́ńtì, orí àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ni wọ́n to pákó sí. Bí òtútù bá dé, orí yìnyín ni ọkọ̀ ń gbà kọjá. Bí yìnyín bá fẹ́ fọ́ ní oṣù kẹrin, wọ́n á tú afárá kí yìnyín má baà gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Luka Kékeré fi máa ń dá wà. Ẹnikẹ́ni kì í lọ, ẹnikẹ́ni kì í bọ̀. Ojú ọ̀nà á di ẹrẹ̀ tó lè gbé katakata mì.

Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ abúlé ló ń fọwọ́ sí igi ìdáná, òun ló ń fọwọ́ sí wàrà, òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé, ti ìgbéyàwó, àti àwọn nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ wà.

Ó ti tó fún òní. Ṣé iṣu náà dùn?

Bàbá rẹ,
Olúdàpọ̀ Akínfẹ́mi


Wilhelmsburg
13 oṣù kẹfà, 2006

Dádì,

Ìwé kan ṣoṣo ni mo béèrè. Ẹ fún mi ní iye màlúù.

Ẹ̀gbẹ́ ibo ni kí n fi ẹgbẹ̀rin màlúù dín mẹ́tàlá sí nínú fọ́ọ̀mù? Frau Petersen ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni ò wí fún mi bóyá ìwé náà wà lọ́wọ́ yín àbí kò sí. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ kan péré, kódà ẹ lè kọ ọ́ lẹ́yìn káàdì.

Ó dáa, mo ti wá ọ̀nà míì. Ìyá Rọ́ṣíà kan wà ní àjà kẹta ilé wa, èmi ni mo máa ń bá wọn gbé ọjà gòkè. Wọ́n ní àwọn máa bá mi pe ibẹ̀. Èmi ni màá ra káàdì ìpè.

Iṣu náà dùn. Ìyẹn ò ní kí inú má bí mi.

Kẹ́mi


Wilhelmsburg
27 oṣù kẹfà, 2006

Bàbá mi,

Mi ò mọ ìkíni tí màá kí yín.

Ìyá Rọ́ṣíà pe Luka Kékeré. Nọ́ńbà yẹn ti kú. Wọ́n pe Borovinsk, wọ́n ní kò sí ìgbìmọ̀ abúlé Luka Kékeré mọ́, láti oṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ Luka Ńlá. Ẹ ní kí n má dà wọ́n pọ̀, ìjọba ti dà wọ́n pọ̀. Wọ́n pe Luka Ńlá, wọ́n ní ìwé 1990 ti lọ sí Borovinsk. Wọ́n tún pe Borovinsk, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ti lọ jẹun. Ọjọ́ kejì, ó lọ síbi òkú. Ọjọ́ kẹta ló gbé e. Káàdì mẹ́ta ló jẹ. Ìyá Rọ́ṣíà ń bínú sí i, èmi náà ń bínú, èmi tí ọ̀rọ̀ wọn ò yé.

Obìnrin náà rí mi. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Ọmọbìnrin. Ìyá Rọ́ṣíà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na àtàǹpàkò sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, wọ́n sì fi Jámánì jẹ́jẹ́ sọ fún mi: "Ó ń béèrè bóyá ti ìbí nìkan lo fẹ́, àbí ti ìyá rẹ pẹ̀lú. Ojú ewé tó kọjú sí i ló wà."

Akínfẹ́mi Ọlọ́runyọmí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Luka Kékeré ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ sọ fún mi pé inú àgbàlá bàbá àgbà ní Ilé-Olújì ni Màmá wà. Ẹ ní igi ọsàn wà níbẹ̀. Mo ti rí igi ọsàn yẹn lójú àlá. Mo padà lọ bá Àǹtí, lọ́tẹ̀ yìí mo dì mọ́ ilẹ̀kùn, mo ní wọn ò ní jáde. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Mi ò rí sàréè ìyá rẹ ní ilé wa rí. Bàbá rẹ kọ̀wé sílé pé ká má bi òun, a ò sì bi í."

Ọdọọdún nínú oṣù kẹrin, ẹ máa ń ní ká kọjú sí ìhà ilé ká gbàdúrà fún Màmá. Ojú fèrèsé kíṣìnì ní Spandau lẹ máa ń mú mi dúró sí. Mo ti wò ó nínú máàpù Berlin, ilé yín àti òpópónà yín. Ìlà-oòrùn ni fèrèsé yẹn kọjú sí. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀.

Obìnrin náà ní ẹ̀dà tuntun á gba oṣù mẹ́ta. Ó tún ní kò sídìí kí n máa wá ẹ̀dà, pé wọ́n ti fún bàbá ọmọ ní ìwé méjèèjì lọ́jọ́ ogún oṣù kẹrin, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i.

Kẹ́misọ́lá


Wilhelmsburg
6 oṣù keje, 2006

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi dé, Ògúnjìmí ní òun rí i lórí tábìlì yín. Ó ku ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n.

K.


Wilhelmsburg
12 oṣù keje, 2006

Dádì,

Èyí, mi ò ní fi ránṣẹ́. Abẹ́ ibùsùn ni màá fi í pamọ́ sí.

Lánàá, níbi tí mo ti lọ ran Frau Petersen lọ́wọ́, mo fa gbogbo irúgbìn ewébẹ̀ kan tu nínú àpótí, èmi tí ọwọ́ mi kì í pa irúgbìn. Mo dúró, mo ń wò wọ́n nílẹ̀. Frau Petersen ò pariwo. Ó ní kí n tún wọn gbìn. Ìdajì ti yè.

Irọ́ yín ò dùn mí tó bí mo ṣe ń díbọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, ẹ máa ń ra kéèkì fún mi, ẹ máa ń kọrin, ẹ máa ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé mo jẹ kéèkì jù ni, pé ìyẹn ló ń bí yín nínú. Mo máa ń fi èyí tó kù sílẹ̀ fún yín nínú fíríìjì. Ẹ kì í jẹ ẹ́. Mo máa ń fi ojú sí i títí á fi bu.


Spandau
16 oṣù keje, 2006

Kẹ́mi,

Mo kí ọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé ìbí rẹ wà nínú àpòòwé yìí. Ti ìyá rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú àpò kan náà ni mo ti fi wọ́n sí láti ọjọ́ tí mo gbà wọ́n, n kò lè mú ọ̀kan kí n má rí èkejì. Ìdí tí mo fi ń kọ iye màlúù sí ọ nìyẹn.

Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n tú afárá. Ìyá rẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí kàlẹ́ńdà, a ti ṣètò pé tí wọ́n bá tún afárá tò, a ó lọ bímọ ní Borovinsk. O kò dúró dè wá. Nọ́ọ̀sì abúlé ló gbẹ̀bí rẹ, ó sì ṣe é dáadáa. Lọ́jọ́ kejì ni ibà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dúró. Mo pe Borovinsk. Ọkọ̀ wọn dé etí odò, kò lè kọjá. Wọ́n ní kí n dúró, pé bóyá yìnyín á lọ tán. Mo dúró.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin tó ń wa katakata tó gbẹ́ ilẹ̀ náà bi mí pé, "Dókítà, kí ló dé tí o ò pe Timsk?" Timsk ni àgbègbè kejì. Ilé ìwòsàn wọn kò ju kìlómítà mẹ́rìnlá sí wa, ẹ̀gbẹ́ odò kan náà la wà. Kò sí odò kankan láàárín wa.

Kẹ́mi, èmi tí mo mọ gbogbo abúlé mẹ́sàn-án lórí. Máàpù tó wà lára ògiri ọ́fíìsì mi, Borovinsk nìkan ni wọ́n yà sí i. Níbi tí ààlà dé, ìwé funfun ló kù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wo funfun yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ilé ìwòsàn lè wà nínú rẹ̀. Borovinsk ló ń fọwọ́ sí tiwa, nítorí náà Borovinsk ni mo pè.

Orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ni ó wà, lábẹ́ àwọn igi tí èèpo wọn funfun. N kò lè gbé e dé ilé. Nílé wa, a kì í fi òkú ẹni sílẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Mo fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún mi, Ilé-Olújì ni mo ń kọ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí ní Luka.

Máàpù náà ni mo ká pa pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Mo yọ ọ́ lára ògiri lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ibi tí mo fi pẹ́ńsù ṣe àgbélébùú sí, òun ni.

Olúdàpọ̀


Wilhelmsburg
23 oṣù keje, 2006

Dádì mi,

Ẹ kú àárẹ̀. Ìwé méjèèjì dé, máàpù náà dé. Ó ti gbó ní ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, Àǹtí fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Wọ́n sunkún díẹ̀. Wọ́n ní ká má sọ fún yín.

Mo gbé ìwé ìbí lọ sí Ausländerbehörde lọ́jọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú èyí tí wọ́n bá mi túmọ̀ sí Jámánì. Obìnrin náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun. Níbi tí wọ́n kọ Geburtsort sí, mo kọ Malaya Luka. Ó ní, "Níbo nìyẹn?"

Dádì, mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún un. Mo ní àgbègbè Borovinsk ni, ìgbìmọ̀ abúlé mọ́kànlá, abúlé mẹ́sàn-án lábẹ́ Luka Kékeré, mẹ́rin nínú wọn kò ní ju ilé márùn-ún lọ, kìlómítà méjìlélógójì, odò Shunya, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń tú afárá. Mo sọ iye màlúù. Ó gbé bírò sílẹ̀. Èmi tí wọ́n ní mi ò lè há ewì ìlà mẹ́rin sórí ní kíláàsì keje.

Ó ní òun gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ orúkọ ibi méjì ló wà nínú fáìlì òun, ẹni tó kọ Ilé-Olújì gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó sọ ọ́ lẹ́nu pé ibòmíràn ni, kó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà kò tó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kò tó. Termin wa, àkókò tí ó dá fún wa, ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Tí ẹ bá wá, á fún mi láṣẹ lójú ẹsẹ̀. Frau Petersen ní òun á dúró di Ọjọ́bọ̀.

Mo fi máàpù náà kọ́ sókè ibùsùn mi. Ìyá Rọ́ṣíà wá wò ó, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fẹ́ sọ fún mi irú ọ̀nà tó wà níbi funfun yẹn láyé ìgbà náà, bóyá ọkọ̀ ń gbà á. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má sọ ọ́. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ béèrè.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ má rò pé nítorí mo kí yín dáadáa, ó ti tán. A máa sọ ọ́, ẹnu sí ẹnu, kì í ṣe nínú lẹ́tà, ọwọ́ ń ro mí. Lóṣù kẹrin tó ń bọ̀, tí a bá fẹ́ gbàdúrà, màá wá sí Spandau. Ojú fèrèsé kíṣìnì yẹn náà ni ká dúró sí. Àmọ́ ẹ máa pe orúkọ ibẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin kan ń kúrò ní Spandau ní aago méje ku díẹ̀ láàárọ̀. Màá dúró dè yín ní Hauptbahnhof, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá, lábẹ́ aago ńlá. Ẹ wọ kóòtù yín tó mọ́. Ẹ má gbé iṣu dání.

Mo mọ̀ pé tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan tó dí ọ̀nà. Mo ti wò ó sílẹ̀. Láàárín Hauptbahnhof àti ilé wa ni odò Elbe wà. Mo kọjá rẹ̀ láàárọ̀ yìí nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, mo dìde dúró, mo ń ka àwọn afárá láti ojú fèrèsé. Gbogbo wọn pé. Oṣù keje la wà, Dádì. Ẹnikẹ́ni ò tú afárá kankan.

Èmi ni,
Kẹ́misọ́lá ọmọ Luka Kékeré